Ẹ Má Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Fi Orúkọ Yín Gba Ajílẹ̀ Ìjọba

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ̀yin bàbá tó ń ro oko àgbàdo, ẹ̀yin ìyá tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tí ẹ sì ń yan gààrí, lọ́dọọdún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń súnmọ́lé, ìròyìn kan náà ló máa ń jà káàkiri abúlé: ìjọba ń kó ajílẹ̀ bọ̀, ìjọba fẹ́ fún àgbẹ̀ lówó. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi gbé ìwé àti bírò dé, tí yóò ní kí ẹ wá kọ orúkọ, kí ẹ mú nọ́ńbà fóònù wá, kí ẹ mú NIN àti BVN wá, kí ẹ sì mú owó díẹ̀ dání. Àwọn kan nínú wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tòótọ́. Àwọn kan jẹ́ gbájúẹ̀. Ó yẹ kí ẹ lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, nítorí pé ẹni tó bá fi orúkọ yín gba ìrànwọ́ lè kó ajílẹ̀ yín lọ lónìí, kó sì fi gbèsè sílẹ̀ fún yín lọ́la.

Ìrànwọ́ náà wà lóòótọ́, owó gbogbo wa ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí ìjọba Nàìjíríà ti ń ra ajílẹ̀, tí wọ́n ń tà á fún àgbẹ̀ ní iye tó dín sí ti ọjà. Ètò Operation Feed the Nation ti 1976 gbé iṣẹ́ oko lárugẹ, Green Revolution ti 1980 tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tó súnmọ́ ìjọba ni ajílẹ̀ náà ń kọ́kọ́ dé, ibẹ̀ ló sì ń tán sí. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní 2011, ó sọ ní gbangba pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbẹ̀, kò ju 11 lọ tí ajílẹ̀ tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù ń dé ọwọ́ wọn. Ìyókù ń lọ sọ́dọ̀ olóṣèlú àti alágbàtà, òmíràn sì ń gba ẹnubodè lọ sílẹ̀ òkèèrè. Àgbẹ̀ alárojẹ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ná owó náà a tún lọ ra àpò kan náà lọ́jà ní gbogbo owó rẹ̀.

Nítorí èyí ni ìjọba ṣe bẹ̀rẹ̀ ètò ìrànwọ́ ajílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GES ní 2012. Wọ́n kọ orúkọ àgbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun fúnra rẹ̀ a sì lọ bá ẹni tó ń ta ajílẹ̀ ládùúgbò rẹ̀. Ìdajì owó àpò méjì, NPK kan àti yúríà kan, ni yóò san. Ìjọba àpapọ̀ san ìdá kan nínú mẹ́rin, ìjọba ìpínlẹ̀ san ìdá kan nínú mẹ́rin. Àgbẹ̀ tí fóònù rẹ̀ wà lọ́wọ́ ara rẹ̀ rí tirẹ̀ gbà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àmọ́ ẹni tó fi nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ tó wà nílùú ńlá sílẹ̀, ẹni tó gbé síìmù rẹ̀ fún ẹlòmíràn pé kó bá òun tọ́jú rẹ̀, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé abúlé rẹ̀, ìrànwọ́ lè dé kó sì lọ láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2015, gbèsè ńlá ṣì wà lọ́rùn ìjọba tí wọ́n jẹ àwọn tó ń ta ajílẹ̀ lábẹ́ ètò náà, ètò yẹn sì rọlẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dé. Lóṣù kọkànlá 2015, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò Anchor Borrowers’ Programme ní Ìpínlẹ̀ Kébbí, owó tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà fi sí i sì lé ní tíríliọ̀nù kan náírà. Nígbà tó ku díẹ̀ kí 2016 parí, ìjọba bá orílẹ̀-èdè Mòrókò ṣe àdéhùn láti máa kó èròjà ajílẹ̀ wá, wọ́n sì dá iye àpò NPK 20-10-10 oníkílò 50 sí ₦5,500. Ní 2023 ni ètò ìrànwọ́ àgbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní NAGS-AP bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ àlìkámà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó láti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà. Ní 2024, Báńkì Àpapọ̀ kó àpò ajílẹ̀ mílíọ̀nù méjì ó lé 150,000 fún ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn pé kí wọ́n pín in fún àgbẹ̀. Orúkọ ètò ń yí padà bí ìjọba ṣe ń yí padà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò yí: ta ló gbà á?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó ń fa olè wá sídìí rẹ̀. Ká ní ₦40,000 ni àpò ajílẹ̀ kan lọ́jà, kí ìjọba sì ní kí àgbẹ̀ san ₦20,000. Ẹni tó bá ní orúkọ mẹ́wàá lọ́wọ́, tí orúkọ kọ̀ọ̀kan sì ní ẹ̀tọ́ sí àpò méjì, yóò gba ogún àpò, yóò tà wọ́n lọ́jà, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ ₦400,000 láìfọwọ́ kan ọkọ́. Orúkọ ni ọjà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá orúkọ yín kiri, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀rín músẹ́ àti ọ̀rọ̀ dídùn gbà á. Orúkọ yín, nọ́ńbà yín àti ìtẹ̀ka yín lówó lórí ju bí ẹ ti rò lọ.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí olúkúlùkù lọ forúkọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ọkọ̀ ajílẹ̀ bá ti wọ ìlú. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti lọ sí ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, tàbí sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ADP, àjọ ìdàgbàsókè ètò ọ̀gbìn ìpínlẹ̀ yín. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, OYSADA ni orúkọ tí wọ́n ń pè é báyìí; ní Ògùn, OGADEP. Ẹ béèrè bóyá orúkọ yín wà nínú ìwé, kí ẹ sì wo nọ́ńbà fóònù tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara yín. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà kó mú ọmọ rẹ̀ tàbí aládùúgbò tó fọkàn tán dání. Nọ́ńbà tó wà nínú fóònù tí ẹ ń mú lọ sóko ni kó wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ti so pọ̀ mọ́ orúkọ yín àti NIN yín.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gidigidi. Ọ̀pọ̀ yín ló ń ro oko tí orúkọ ọkọ wà lórí rẹ̀, tí wọ́n bá sì ń pín ìrànwọ́, wọ́n á ní ilé kan orúkọ kan. Ẹ lọ forúkọ ara yín sílẹ̀ pé oko ẹ̀gẹ́ tàbí oko ẹ̀fọ́ báyìí ni tèmi. Opó tí ìwé ṣì ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀ tó ti lọ, kó tètè lọ yí i padà, kí ẹbí tàbí àjèjì má baà máa fi orúkọ òkú jẹun. Ẹ̀yin tí ẹ ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ̀yin náà ni àgbẹ̀. Ẹni tó ń ro oko ni ajílẹ̀ wà fún. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ẹ̀rí wá, ẹ ní kí onílẹ̀ tàbí baálẹ̀ bá yín kọ lẹ́tà ṣókí tó sọ ibi tí oko wà àti bó ṣe tóbi tó. Ẹ dára pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé ìjọba, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò ló ń gba ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kọjá.

Èkejì ni nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tòótọ́ lè béèrè NIN yín, ó sì lè béèrè nọ́ńbà àkáǹtì tàbí BVN bí ètò náà bá jẹ mọ́ báńkì. Ọ́fíìsì tàbí gbàgede tí ọ̀pọ̀ èèyàn wà ni kí ẹ ti fún un, kì í ṣe lórí fóònù, kì í ṣe fún ẹni tó yà bàrá sílé yín lálẹ́. Ní ti PIN káàdì ATM yín àti nọ́ńbà OTP tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù, kò sí ètò ajílẹ̀ kankan láyé tó nílò rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, owó inú àkáǹtì yín ló ń wá. Ẹ má ka á fún un, bó ti wù kó dárúkọ mínísítà tàbí gómìnà tó. Ẹ má sì tẹ̀ka sórí ìwé tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá, látòkè délẹ̀, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín kó tó kọ orúkọ yín ń rẹ́ yín jẹ. Owó tí ẹ máa san fún ajílẹ̀ tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù, ibi tí àpò wà ni ẹ ti máa san án, lọ́jọ́ tí ẹ máa gbé e, ẹ ó sì gba rìsíìtì. Owó fọ́ọ̀mù, owó ọkọ̀ tó ń bọ̀, owó “kí orúkọ yín lè tètè jáde”, ọ̀nà àtijẹ ni gbogbo rẹ̀. Bákan náà ni ìkànnì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ìjọba ń fún àgbẹ̀ ní owó ọ̀fẹ́, ẹ tẹ ibí, ẹ kọ BVN yín, kí ẹ sì pín in fún ogún èèyàn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ìjọ tàbí ti ẹbí. Ẹ pe ọ́fíìsì ADP tàbí kí ẹ lọ síbẹ̀ lọ béèrè. Ìrìn àjò wákàtí kan sàn ju kí àkáǹtì gbẹ lọ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù lọ ni èyí tó kàn: ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀bùn ni tàbí gbèsè. Ètò Anchor Borrowers’ Programme tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, owó yíyá ni. Irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn tí wọ́n fún àgbẹ̀ jẹ́ gbèsè tó ní èlé, ó sì yẹ kó fi owó tàbí irè oko san án padà lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀pọ̀ gbà á gẹ́gẹ́ bí ìpín tiwọn nínú owó ìlú, apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò sì padà. Báńkì kò gbàgbé. Láti oṣù kẹjọ 2020, Báńkì Àpapọ̀ ti fàyè gba àwọn báńkì láti yọ gbèsè tí ẹnì kan jẹ láti inú àkáǹtì yòówù tó ní sí báńkì mìíràn, nípasẹ̀ BVN rẹ̀. Ìyẹn ni pé owó àgbàdo tí ẹ san sí báńkì kejì, tàbí owó tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ láti òkèèrè, lè wọlé láàárọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ lọ́sàn-án nítorí gbèsè tí ẹ ti gbàgbé.

Ẹ wá ro ti ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ yáwó tí kò sì gba kọ́bọ̀. Ó fún ẹnì kan ní BVN nítorí àpò ajílẹ̀, ó tẹ̀ka sórí ìwé, ẹni náà fi yá owó. Lójú báńkì, òun ló jẹ gbèsè. Yóò pẹ́ kó tó rí i fi hàn pé òun kò mọ̀ sí i, ìwé ìtẹ̀ka rẹ̀ ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gba ohunkóhun, ẹ béèrè lójú èèyàn méjì: ṣé a ó dá èyí padà? Ìgbà wo? Èló ni èlé rẹ̀? Bí òjò bá kọ̀ tàbí tí màlúù bá jẹ oko, ta ni yóò ru àdánù náà, ṣé ìbánigbófò wà? Bí ìdáhùn kò bá yéni yékéyéké, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ẹ bá sì ti gba irú owó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ lọ bá báńkì náà fúnra yín kí ẹ ṣe àdéhùn bí ẹ ó ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tọ báńkì lọ kó tó wá a kiri máa ń rí àyè sọ̀rọ̀.

Bí ajílẹ̀ bá dé ọwọ́ yín, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ojú rírán àpò yẹ kó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́. Bí ẹ bá rí àmì pé wọ́n tú u tí wọ́n sì fi ọwọ́ rán an padà, ẹ má gbà á. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kílò 50 ni kó jẹ́. Ní ti yúríà, ẹ bu díẹ̀ sínú ife omi kí ẹ rò ó: ojúlówó a yọ́ tán pátá, ife a sì tutù lọ́wọ́. Bí iyanrìn bá kù nísàlẹ̀, wọ́n ti pò ó. NPK tí wọ́n pò pọ̀ lè fi òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ nínú omi, torí náà ẹ má fi ìyẹn nìkan dá a lẹ́jọ́. Ẹ gbé e lọ fún òṣìṣẹ́ ADP wò. Òfin tó ń ṣọ́ ajílẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2019, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ayédèrú tàbí àbùlà. Ẹ̀tọ́ yín ni láti kọ̀ ọ́.

Irúgbìn ìjọba náà ní ewu tirẹ̀. Àgbàdo tí wọ́n pín fún gbígbìn sábà máa ń ní oògùn kòkòrò lára, wọ́n sì ń fi àwọ̀ pupa tàbí àwọ̀ ewé kùn ún kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé kì í ṣe jíjẹ. Bí oko kò bá gbà á tán, ẹ má sè é, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má dà á fún adìẹ. Fífọ̀ kò lè mú oògùn náà kúrò. Ẹ gbé e sókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ti lè tó o, kí àpò rẹ̀ má sì di àpò gààrí láéláé.

Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ajílẹ̀ máa ń pẹ́ dé. Àgbàdo àkọ́rọ̀ ń fẹ́ NPK láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó bá hù, ó sì ń fẹ́ yúríà ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà. Ajílẹ̀ tó bá dé nígbà tí àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀ kò wúlò fún un mọ́. Ẹ má ṣe fi gbogbo oko dúró de ìlérí. Ẹ fi owó tó wà lọ́wọ́ ra ìwọ̀nba tó lè tó apá kan oko, ẹ lo ìgbẹ́ adìẹ tàbí ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà, kí ẹ sì pa ti ìjọba mọ́ síbi gbígbẹ fún àgbàdo àrọ̀kúrò. Bí wọ́n bá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń fi owó pọ́ọ́kú ra àpò lọ́wọ́ yín, ẹ má tà á. Pàápàá jù lọ, ẹ má ta yúríà fún àjèjì tí ẹ kò mọ oko rẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀daràn ń lò ó láti ṣe bọ́ǹbù, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò sì ní yọ ẹni tó tà á sílẹ̀.

Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ̀yin baálẹ̀ àti káńsẹ́lọ̀, ọwọ́ yín ni ìwé orúkọ ń kọ́kọ́ dé. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ lẹ orúkọ àwọn tó máa gbà á mọ́ ara ògiri ilé ìpàdé, kí gbogbo abúlé kà á, kí ẹni tí kò ní oko lè yọ orúkọ rẹ̀ kí ojú tó tì í. Lọ́jọ́ tí ẹ bá pín in, ẹ kọ orúkọ ẹni tó gbà á àti iye àpò, kí ẹni náà fọwọ́ sí i lójú àwọn yòókù. Abúlé tó bá ń ṣe báyìí, ìjà kì í sí níbẹ̀ lẹ́yìn ìpín.

Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ tó wà nílùú ńlá, ẹ pe bàbá àti ìyá yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n fún ní BVN, ẹ bá wọn wo àkáǹtì wọn bóyá gbèsè àjèjì wà níbẹ̀, ẹ bá wọn dá síìmù wọn padà sí orúkọ ara wọn. Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi orúkọ wọn gba ohun tí kò dé ọwọ́ wọn, ẹ kọ lẹ́tà sí báńkì lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun ọlọ́pàá, ICPC tàbí EFCC. Ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ẹni tó wá, nọ́ńbà tó fi pè àti iye tó gbà sílẹ̀. Ẹ̀sùn tó ní àkọsílẹ̀ ló ń rìn jìnnà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ajílẹ̀ tí ìjọba dín owó rẹ̀ kù kì í ṣe oore tí olóṣèlú ń ṣe yín, ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ lọ béèrè rẹ̀ fúnra yín, ní orúkọ yín, pẹ̀lú nọ́ńbà yín, kí ẹ sì gbé e lọ sóko yín. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ má sì fi orúkọ yín yá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti forúkọ sílẹ̀ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹni tí kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ kí òjò tó dé.